Albert Brumley, Olùṣe Orin láti Inú Oko Òwú

Orin kan wà tí wọ́n ń pè ní "I'll Fly Away", tí a ti kọ níbi ìsìnkú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìgbà tí kò níye. Àwọn tí ń kọ ọ́ pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ẹni tí ó ṣe é kò tó nǹkan. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ọkùnrin náà fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n.

Albert Edward Brumley ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1905, lẹ́bàá Spiro, ní ilẹ̀ tí ó di ìpínlẹ̀ Oklahoma ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Òwú ni wọ́n ń gbìn. Ẹni tí ó bá ti ká òwú rí yóò mọ irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́: èèpo èso rẹ̀ a máa họ ni lọ́wọ́, ẹ̀yìn a sì máa ro ni nítorí ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1926, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lọ sí ìlú Hartford ní Arkansas, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni E. M. Bartlett ní ilé-ẹ̀kọ́ orin kan àti ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé orin. Ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò ní owó tí yóò san. Bartlett kò lé e padà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó mú un lọ sí ilé ara rẹ̀, ó fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ, ó sì jẹ́ kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohùn orin tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò jọ ti inú ìwé orin àwọn òyìnbó ìlú ńlá. Ẹ̀yin akọrin wa tí ẹ mọ d, r, m, yóò yé yín kíákíá: ohùn méje ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àwòrán tirẹ̀, òmíràn onígun mẹ́ta, òmíràn roboto, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ tí kò lọ sí ilé-ìwé pẹ́ fi lè kà á. Nígbà tí Brumley mọ̀ ọ́n tán, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ìletò dé ìletò láti kọ́ àwọn ènìyàn. Ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ní Powell ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni ó ti pàdé Goldie Schell, wọ́n sì gbé ara wọn níyàwó ní ọdún 1931.

Ṣùgbọ́n ṣáájú èyí, ní ọdún 1929, ó wà nínú oko òwú bàbá rẹ̀, ó ń ká òwú, ó sì ń kùn orin ayé kan nípa ẹlẹ́wọ̀n tí ó ń fẹ́ ìyẹ́ láti fi fò jáde. Ó wá sí i lọ́kàn pé ayé pẹ̀lú dàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n fún onígbàgbọ́. Àwọn kan lè wí pé kò yẹ kí orin mímọ́ ti inú orin ayé jáde. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí ọkàn tí ó gbọ́ ọ ni ó yí i padà. Orin náà wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó rọ̀ ọ́ pé kí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1932.

Ó ṣe orin tí ó ju 600 lọ. Ọ̀kan nínú wọn, "Turn Your Radio On", fi asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe òwe nípa bí ọkàn ṣe ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Òwe tí ó bá ìgbà rẹ̀ mu ni.

Ní ọdún 1948, Brumley ra ilé-iṣẹ́ Hartford náà, ọ̀pọ̀ nínú orin rẹ̀ sì padà sí ọwọ́ rẹ̀. Bartlett kò rí ọjọ́ náà, nítorí ó ti kú ní ọdún 1941.

Powell ni Brumley àti Goldie ti tọ́ àwọn ọmọ wọn mẹ́fà, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan. Níbẹ̀ náà ni ó ń gbé títí ó fi kú ní ọjọ́ 15 oṣù Bélú, ọdún 1977, nígbà tí ó di ẹni ọdún 72.