Kànga àti Ṣáláńgá Kì Í Ṣe Aládùúgbò

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí a kò tọ́jú lè sọ ara rẹ̀ di ọ̀tá nínú ilé ẹni.

Láìpẹ́ yìí ni mo gba ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà. Mo dé Ìkìrun, mo dé Ìnísà, mo sì dé Òkukù. Odò Ọ̀tìn ń ṣàn ní agbègbè náà, ìjọba sì ti sé e ní Èkó-Ende láti fi ṣe omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kò dé ilé gbogbo. Kànga ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù gbójú lé.

Nínú ilé kan tí mo yà sí, mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹnu kànga dé ìdí ṣáláńgá. Ìṣísẹ̀ 8 péré ni! Ìyá àgbà ilé náà ní, "Ọmọ mi, omi wa mọ́ gaara, kò sì lóòórùn." Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bẹ lórí ẹní, tí ó ti ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, "Ìyá, kòkòrò tí ń ṣe ọmọ yìí kéré ju ohun tí ojú yín lè rí lọ."

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀? Omi ìdọ̀tí inú ṣáláńgá a máa rìn lábẹ́ ilẹ̀, a sì gbé kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun wọ inú kànga. Ó ti ṣe àwọn òyìnbó pàápàá rí. Lọ́dún 1854, onígbáméjì pa ènìyàn tí ó ju 500 lọ ní àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow tọpa rẹ̀ dé kànga kan ní Broad Street. Nígbà tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ wò, kòtò ìgbẹ́ ilé kan ni ó ń jò sí ìdí kànga náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó 30 mítà, ìyẹn bí ìṣísẹ̀ 40, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ kànga bí ilẹ̀ bá dagun. Ẹ mọ ẹnu kànga sókè, ẹ fi ọmọrí dé e, kí korobá ìfami má sì máa sùn nílẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti súnmọ́ra ná, ẹ dí ṣáláńgá náà, kí ẹ gbẹ́ òmíràn sí ibi tí ó jìnnà. Títí dìgbà náà, kí omi mímu hó yaya fún ìṣẹ́jú 1 gbáko kí ẹ tó mu ún.

Ọmọ tí ó ń ṣu gbuuru, ẹ po ṣíbí ìmutíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí ẹ rẹ́ orí wọn dọ́gba, sínú lítà 1 omi tí a ti sè. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, tàbí tí kò lè mu nǹkan, ilé ìwòsàn ni kíá. Báyìí ni a ṣe fún ọmọ-ọmọ ìyá náà kí a tó gbé e lọ, ó sì yè.

Ẹ má ṣe sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1988, ẹni tí ó ju 650,000 lọ ni sòbìà ń dà láàmú ní Nàìjíríà. Kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí ó dára, àti kíkọ̀ fún alárùn láti wọ odò ni a fi lé e lọ. Lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa.

Ọmọ ìyá àgbà náà tí ó kọ́ ilé ọ̀hún, ìlú Èkó ni ó wà. Ó kun ojú ilé lọ́dà dáradára, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ní ìgboro, ilé tìrẹ ńkọ́? Nígbà tí o bá lọ kí àwọn ará ilé lọ́dún, má ṣe jókòó kí o tó wọ ẹ̀yìnkùlé. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ wọn ilẹ̀ náà.