Ọ̀tá Ìrẹ̀, Olùsìn Ìrẹ̀

Ní Gainesville, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, oríṣi ìrẹ̀ kan wà tí akọ rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti kàkàkí. Bí oòrùn bá ti wọ̀, á jókòó síbẹ̀, á máa kọrin, ihò yẹn á sì gbé ohùn rẹ̀ jáde dé ọ̀nà jíjìn. Abo tó ń fò kọjá lókè á gbọ́, á sọ̀kalẹ̀ wá. Thomas Walker, onímọ̀ nípa kòkòrò ní Yunifásítì Florida, fetí sí orin náà dáadáa. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń kọ irú rẹ̀, wọ́n gbé e sórí pańpẹ́, ìrẹ̀ sì ń já bọ́ sínú rẹ̀ lálaalẹ́. Wọ́n ń kà wọ́n, ọdún ń gorí ọdún.

Ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìsẹ́yìn, níbi tí ọmọdé ti ń mọ ihò ìrẹ̀ kó tó mọ ábídí. Iṣẹ́ àwọn ará Florida yìí ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé fún wọn.

Ìrẹ̀ tí wọ́n ń bá jà níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Ọwọ́ iwájú rẹ̀ nípọn, ó ní eyín ṣóńṣó, ó sì ń fi wa ilẹ̀ lábẹ́ koríko. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá ní nǹkan bí ọdún 1900. Ó jọ pé inú iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ òkun ń kó sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n má baà máa fì ló bá dé. Oríṣi mẹ́ta ni. Ọ̀kan ń jẹ koríko tewé-tegbòǹgbò. Òmíràn fẹ́ràn kòkòrò bíi tirẹ̀ ju koríko lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń la abẹ́ ilẹ̀ kọjá, gbòǹgbò ń já, koríko ń gbẹ. Ọlọ́sìn màlúù rojọ́, onílé rojọ́, àwọn tó ni pápá gọ́ọ̀fù náà rojọ́. Oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ chlordane ni wọ́n gbára lé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba fòfin dè é láàárín àwọn ọdún 1970, ìrẹ̀ gba pápá.

Ohun tí mo yìn àwọn onímọ̀ Florida yìí fún ni ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn: kí ló dé tí ìrẹ̀ yìí kì í pọ̀ tó báyìí nílé rẹ̀? Wọ́n gba Gúúsù Amẹ́ríkà lọ láti wá ọ̀tá rẹ̀. Ní Uruguay, wọ́n rí aràn kan tó kéré débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i. Ọdún 1985 ni wọ́n tú u sínú pápá ní Florida. Ní Brazil, wọ́n rí eṣinṣin kan tó ń gbọ́ orin akọ ìrẹ̀ lóru, tó ń tọ ohùn náà lọ kó lè kó ọmọ rẹ̀ lé e lára.

Agbọ́n tí wọ́n kó wá láti Bolivia ló máa ń mú kí kíláàsì mi dákẹ́. Ó ń wọlé lọ bá ìrẹ̀ nínú ihò. Ìrẹ̀ á sá jáde, agbọ́n á gùn ún, á ta á, ara ìrẹ̀ á sì rọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kó tó jí, agbọ́n á ti lẹ ẹyin kan ṣoṣo mọ́ ọn lábẹ́, á bá tirẹ̀ lọ. Ìrẹ̀ á dìde, á padà sínú ilẹ̀, á máa jẹun bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Nígbà tí ẹyin bá pa, ọmọ agbọ́n á máa fa oje ara rẹ̀ mu títí tí á fi kú. Agbọ́n tó ti dàgbà, oje òdòdó ló ń mu ní tirẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba àwọn èèyàn níyànjú láti fi òdòdó tó fẹ́ràn sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Nígbà tó yá, iye ìrẹ̀ tó ń bọ́ sínú pańpẹ́ ní agbègbè Gainesville fi ohun tó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ìmọ̀ tí wọ́n fi borí ìrẹ̀ yìí náà ni ẹni tó fẹ́ sin ìrẹ̀ nílò: ibi tó ń yé sí, ohun tó ń jẹ, ohun tó ń pa á. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó ru erin kì í fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ní Thailand, ìrẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di erin. Láti 1998 tí Yunifásítì Khon Kaen ti ń kọ́ àwọn ará abúlé ní bí wọ́n ṣe ń sìn ín, oko ìrẹ̀ ibẹ̀ ti tó nǹkan bí 20,000 nígbà tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, máa fi kọ ìròyìn rẹ̀ ní 2013. Wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ọgbà kékeré, wọ́n ń to páálí ẹyin sínú rẹ̀ kí ìrẹ̀ lè rí ibi sá pamọ́ sí, wọ́n sì ń fún un ní oúnjẹ adìẹ. Láàárín ọjọ́ 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó ti tó kó.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá kò gbàgbé ìrẹ̀ tó wà lọ́gbà. Fáírọ́ọ̀sì kan wọ àwọn oko ìrẹ̀ ní Yúróòpù ní 2002, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 2009. Ó pa ìrẹ̀ rẹpẹtẹ, ó sì sọ àwọn olóko kan di onígbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ kówó lé òwò yìí, àrùn ni kó kọ́kọ́ bèèrè nípa rẹ̀, kó tó bèèrè èrè.

Ìrẹ̀ tiwa ńlá, tó máa ń gé ewé ẹ̀gẹ́ wọ ihò lóru, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìran rẹ̀ ń yípo lọ́dún, nítorí náà kò ní tètè mówó wọlé fún ọlọ́sìn bíi ti Thailand. Mi ò rò pé ìyẹn tó láti pa á tì. Ní Kẹ́ńyà, ilé ìwádìí nípa kòkòrò tó ń jẹ́ icipe kò jókòó ti ìrẹ̀ òkèèrè. Wọ́n wo àwọn tó wà nílẹ̀ wọn, wọ́n rí ọ̀kan tí ìwé ìmọ̀ kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Ní 2018 ni wọ́n sọ ọ́ ní Scapsipedus icipe, ó sì ṣeé sìn. Irú ìwákiri yẹn ni mo ń fẹ́ kí àwọn yunifásítì wa ṣe ní Òkè-Ògùn tiwa níbí, kí wọ́n sì mú àwọn ọmọ wa dání, torí ọmọ tó bá rí erùpẹ̀ tútù lẹ́nu ihò ti mọ̀ pé onílé wà nílé.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tí edé ń yún lára, kó ṣọ́ra fún ìrẹ̀ sísun, nítorí ohun tó ń fa ìyún náà wà nínú àwọn méjèèjì. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ wa ìrẹ̀ jẹ ní oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí.