Ìwé Òwò Tí Ó Kó Lọ sí Àwọsánmà

Ẹni tí ó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá kí owó náírà tó dé kò lè sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ Alájọ Ṣómólú rí, nítorí pé bí ọmọ kan bá mọ ìṣirò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, orí bàbá yìí ni wọ́n máa ń fi orí ọmọ náà wé. Alphaeus Táíwò Olúnàìkè ni orúkọ tí òbí sọ ọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, láti Ìsọ̀nyìn. Ọdún 1915 ni a bí i, ọdún 2012 ni ó sì fi ayé sílẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ ni ó ti ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n sì ní kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ìwé. Bí oṣù bá parí, ohun tí olúkúlùkù dá ni olúkúlùkù ń gbà, kò sí pé ti ẹlẹ́pà bọ́ sọ́wọ́ aláta. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ìtàn náà, ìbéèrè kan ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn, èyí tí mo gbà pé àwọn tí ó fi owó lé e lọ́wọ́ pàápàá yóò ti bi ara wọn lóru ọjọ́ kan: bí ibà bá dá bàbá náà dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ta ni yóò lọ ka ìwé tí ó wà nínú agbárí rẹ̀?

Ìbéèrè yìí gan-an ni ó wà nídìí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìṣirò òwò àti ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kíláòdù, èyíinì ni àwọsánmà. Èmi kò kà á sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ibi tí ìwé òwò ń gbé ni. Nígbà kan, ara ògiri ni ó ń gbé: ìyá olóúnjẹ a fi èédú fa ìlà, ìlà kan fún àwo àmàlà kan tí oníbàárà jẹ láwìn, bí wọ́n bá sì wá kun ògiri lọ́dún tuntun, gbèsè parẹ́ nìyẹn. Nígbà mìíràn, ọkàn ẹni tí ó ń rìnrìn-àjò ni ó ń gbé, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ọ̀bọkun, tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri ìletò, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí ó sì jẹ́ pé nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, olówó a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, kò ní dìde, kò sì ní fìdí kalẹ̀, títí owó rẹ̀ yóò fi jáde; ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló títí di òní olónìí.

Níbòmíràn, inú ìwé gidi ni ó ń gbé. Ní ìlú Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 1494, ẹni Ọlọ́run kan tí ó tún jẹ́ ọ̀gá nínú ìṣirò, Luca Pacioli, tẹ ìwé jáde, ó sì ṣàlàyé nínú rẹ̀ ọgbọ́n tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti ń lò ṣáájú rẹ̀: pé kò sí owó tí ó wọlé tí kò ní ibi tí ó ti jáde, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni kí a kọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan sí apá òsì, lẹ́ẹ̀kan sí apá ọ̀tún, kí àròpọ̀ apá méjèèjì sì dọ́gba. Bí aṣọ ₦20,000 bá jáde láwìn, gbèsè ₦20,000 ti wọ ọrùn ẹnì kan. Bí onítọ̀hún bá san án, gbèsè sọ̀ kalẹ̀, owó wọ báńkì. Ọgbọ́n náà kò tíì yí padà láti ìgbà náà; ilé tí ó ń gbé ni ó ń yí. Láti inú ìwé ńlá ó bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1979 ni VisiCalc dé, tí ó sọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì di àtẹ ìṣirò. QuickBooks, ètò ìṣirò òwò, dé ní 1992. Peachtree, ètò irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Atlanta ní Amẹ́ríkà, sì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa débi pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ìgboro ni ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára pátákó ẹnu ọ̀nà wọn.

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, oníṣòwò aṣọ ni, Gbági ní Ìbàdàn mesì ọ̀gọ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ wà. Nígbà tí Ajé ògúgúlùsọ̀ ya ilé rẹ̀, ó ṣí ìsọ̀ kejì sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta nítorí àdìrẹ, ó sì ṣí ẹ̀kẹta sí Balógun, ní Èkó akéte ilé ọgbọ́n. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí ó wà ní Gbági, ni ètò ìṣirò owó rẹ̀ ń gbé. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ ìsọ̀ Ìtòkú a kó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sínú fíláàṣì, a fi rán awakọ̀. Ti Balógun a fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà tí ọdún fi máa parí, fáìlì mẹ́rin ni ó wà nílẹ̀, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, owó inú wọn kò sì dọ́gba. Akáúńtáǹtì rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wò wọ́n títí, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ẹ fẹ́ kí n gbà gbọ́?" Obìnrin náà ní, "Ọmọ mi, èyí tí owó inú rẹ̀ bá pọ̀ jù ni kí o gbà gbọ́." Ẹ̀rín ni a fi í rín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí iná ọba fi ru sókè lóru ọjọ́ kan, ó jó kọ̀ǹpútà náà, ó jó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, gbèsè tí àwọn oníbàárà sì ti jẹ bọ̀ láti ọdún mẹ́ta di ohun tí à ń fi ìbúra gbà.

Àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe àìkọ̀wé. Ó kọ ìwé. Òwò rẹ̀ ni ó ti di ojú mẹ́ta, tí ìwé rẹ̀ ṣì wà lójú kan.

Kí wá ni àwọsánmà yìí? Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe wá lóore, nítorí ó mú kí àwọn ènìyàn máa wòkè, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohunkóhun lókè. Orí ilẹ̀ ni ó wà: ilé ràgàjì-ragaji tí ó kún fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí tọ̀sán-tòru, tí wọ́n sì ti pèsè iná mìíràn de iná tí ó bá kú, àwọn kan wà ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland, àwọn mìíràn ní Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Okùn tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ wa. Èyí tí Google tẹ́, tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Equiano ni wọ́n pè é, orúkọ Olaudah Equiano, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú gba ojú òkun yìí kan náà kọjá. Mo ń rò ó nígbà mìíràn tí mo bá ń tẹ fóònù mi. Láti ọdún 2006 tí Amazon ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó ní irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lò, ìṣirò owó náà kò ní láti máa gbé inú ìsọ̀ mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni a dá Xero, ètò ìṣirò òwò kan, sílẹ̀ ní New Zealand, tí ó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́ ọ sí láti ìpìlẹ̀. Bí ẹni háyà yàrá ni ó rí: oṣooṣù ni ẹ óò máa san owó, onílé ni yóò máa tún òrùlé ṣe.

Ohun tí àwọsánmà ń ṣe fún òwò tí ó ń dàgbà kò ju pé ìwé kan ṣoṣo ni ó wà, tí ojú gbogbo sì tó o. Bí ọmọ ìsọ̀ Ìtòkú bá ta àdìrẹ márùn-ún, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, Gbági ti rí i kí oníbàárà tó di aṣọ rẹ̀ tán. Orúkọ ẹni tí ó kọ nǹkan àti àkókò tí ó kọ ọ́ ń bẹ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá yí iye owó padà, nínú ètò tí ó dára, èyí àtijọ́ kì í parẹ́, ó wà lẹ́yìn èyí tuntun bí àpá ilà. Owó orí ọjà, tí ó ti di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà láti oṣù Kejì ọdún 2020, tí a sì gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ 21 oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá, kì í ṣe ohun tí à ń jí sáré wá mọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ní kí a tọ́jú ìwé ìṣirò fún ọdún 6. Ta ni ó mọ fíláàṣì tí ó tó bẹ́ẹ̀ láyé? Nígbà tí ìsọ̀ kẹrin bá sì dé, kò sí kọ̀ǹpútà tuntun láti rà fún ìṣirò: fóònù kan àti kọ́kọ́rọ́ ìwọlé kan ti tó.

Ṣùgbọ́n nínú kíkó ìwé lọ síbẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tí ó ṣubú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tí ó bá gbé ìṣirò tí ó dàrú lọ sí àwọsánmà, ìdàrúdàpọ̀ rẹ̀ yóò wulẹ̀ hàn sí ènìyàn púpọ̀ sí i ni. Ọ̀rẹ́ mi aláṣọ, ẹni tí iná jó kọ̀ǹpútà rẹ̀, lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó kó ohunkóhun. Wọ́n mú ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ṣe ọjọ́ ìkó, kí ọdún kan lè parí nílé àtijọ́, kí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ nílé tuntun. Wọ́n to orúkọ àwọn onígbèsè láti inú ohun tí ó ṣẹ́kù, wọ́n sì rí i pé Ìyá Bọ́lá, Mama Bola àti Àlàájà Onílé-Pupa, tí olúkúlùkù wọn ní gbèsè tirẹ̀, ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́. Wọ́n ti ìsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọjọ́ méjì, wọ́n ka ìpélé aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bá lórí àtẹ kò tó ohun tí ó wà nínú ìwé, ẹnu obìnrin náà sì wọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gbé ìwé báńkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé wọn, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, títí méjèèjì fi bára mu. Gbèsè tí ó ti kú, wọ́n sin ín.

Wọn kò kó ẹrù ọdún márùn-ún lọ. Iye tí ó kù lọ́wọ́, iye tí wọ́n jẹ, iye tí a jẹ wọ́n àti ọjà orí àtẹ nìkan ni wọ́n fi ṣí ìwé tuntun. Àwọn fáìlì àtijọ́ tí iná kò jó, wọ́n dà wọ́n kọ sí ibi méjì, wọ́n tì wọ́n mọ́ inú àpótí. Lẹ́yìn náà ni akáúńtáǹtì tẹ ìwé tí wọ́n ń pè ní tíráyà bálàǹsì, èyí tí ó kó àròpọ̀ apá òsì àti apá ọ̀tún jọ, jáde láti inú ìwé àtijọ́ tí wọ́n tún tò àti láti inú tuntun, ó ní bí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, a kò tíì kó. Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni ó tó dọ́gba. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń kọ ọ́ sí ọ̀nà méjèèjì fún oṣù méjì, èyí tí àwọn ọmọ ìsọ̀ kùn sí gidigidi, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ní ti kọ́kọ́rọ́ ìwọlé, olúkúlùkù ní tirẹ̀: ọmọ ìsọ̀ lè tà, kò lè pa rẹ́, akáúńtáǹtì lè tún ṣe, kò lè sanwó, ìyá nìkan ni ó lè fi ẹnì kan kún un tàbí yọ ẹnì kan, ètò náà yóò sì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Ìsọ̀ tí gbogbo ènìyàn bá ń pín pásíwọ̀ọ̀dù kan lò, ọjọ́ tí owó bá sọnù, gbogbo wọn ni yóò jọ búra.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, ilé ayálégbé sì ní ìnira tirẹ̀. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé wọ̀nyí ń gbà. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti ju ₦1,500 lọ nígbà tí ọdún 2024 parí, èyí ni pé ẹni tí ó ń san $30 lóṣù rí i tí owó tí kò tó ₦15,000 di ohun tí ó lé ní ₦45,000, láìjẹ́ pé onílé fi kọ́bọ̀ kún un. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, àwọn báńkì mélòó kan ti dá ìnáwó òkèèrè lórí káàdì náírà dúró, ìwé ẹlòmíràn sì tì mọ́ ọn lójú nítorí pé kò rí ọ̀nà san owó ilé. Okùn abẹ́ òkun náà sì lè já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, íntánẹ́ẹ̀tì wá ń wọ́ bí ìgbín ní Nàìjíríà àti Gánà, ó sì nira láti fowó ránṣẹ́ láti báńkì. Nítorí náà ni ọ̀rẹ́ mi ṣe fi ìwé rìsíìtì oníbébà sílẹ̀ ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí akáúńtáǹtì sì ń sọ gbogbo ìwé náà kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé lópin oṣù. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, òfin ààbò ìwífún ti ọdún 2023 dè wọ́n. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ìsọ̀ ń gbé lọ nígbà tí ó bá fẹ́ dá dúró.

Ní ti àwọn ọmọ wa tí ń ṣòwò ní Peckham, ní Lọ́ńdọ́nù, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí a ń rò. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ pé kí òwò tí ọjà tí ó ń tà lọ́dún bá ju £85,000 lọ máa fi ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú ìṣirò owó orí ọjà, kí ó sì máa fi ránṣẹ́ láti inú rẹ̀. Ní 2022 àṣẹ náà kan gbogbo ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ fún owó orí náà. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, àpò ìwé rìsíìtì tí à ń gbé fún akáúńtáǹtì lọ́dọọdún ti di ìtàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan ní ìparí oṣù Kejì, mo bá ọ̀rẹ́ mi aláṣọ lórí àga ní ìloro, ó gbé awò sójú, ó ń fi ìka kan tẹ fóònù. Ó pe Ìtòkú. "Ọmọ mi, ₦4,500 kò pé nínú owó àná." Ohùn ọmọ náà dé láti ọ̀hún: "Ẹ má bínú mà, owó mọ́tò tí mo fi gbé ẹrù ni, mo gbàgbé láti kọ ọ́." Ó ní, "Kọ ọ́ báyìí, mò ń wò ọ́." Ó gbé fóònù náà dání láìsọ̀rọ̀, títí nọ́ńbà náà fi yí padà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sábẹ́ tìmùtìmù, ó fa ìwé aláwọ̀ pupa kan yọ, èyí tí akáúńtáǹtì rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ṣì wà, ó sì fi báírò kọ ₦4,500 sí i.