Agbẹjọ́rò Ìjọba Àpapọ̀ Kì í Ṣe Lọ́yà Yín: Ìlàlóye fún Olùfisùn, Ẹlẹ́rìí àti Ẹni Tí Wọ́n Fẹ̀sùn Kàn

Bí ọ̀ràn bá ti dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, ẹnìkan wà tí ẹ ó rí nínú aṣọ dúdú àti wíìgì. Bí akọ̀wé kóòtù bá ti ka nọ́ńbà ẹjọ́ tán, òun ni yóò kọ́kọ́ dìde, tí yóò sọ fún adájọ́ pé òun ló dúró fún ìjọba. Ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì a sì máa rò pé lọ́yà àwọn ni, wọ́n á máa bínú sí i bí kò bá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe lọ́yà ẹnikẹ́ni nínú yín. A kọ ìwé yìí kí ẹ lè mọ ohun tó lè ṣe fún yín àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe sí yín.

Ta ló rán an níṣẹ́?

Abala 174 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló gbé agbára ìpẹ̀jọ́ lé Agbẹjọ́rò Àgbà Ìjọba Àpapọ̀ lọ́wọ́, ẹni tó tún jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́. Ó lè pe ẹjọ́ ọ̀daràn, ó lè gba ẹjọ́ tí ẹlòmíràn pè ṣe, ó sì lè dá ẹjọ́ dúró kí ìdájọ́ tó wáyé. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè wà ní Ìkòyí, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Àwọn agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ló ń bá a ṣe é. EFCC àti ICPC tó ń gbógun ti ìjẹgùdùjẹrà, NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró, àti NAPTIP tó ń gbógun ti kíkó èèyàn tà náà ní àwọn agbẹjọ́rò tiwọn.

Ìpànìyàn, ìjà àdúgbò àti olè jíjà, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ti àpapọ̀ ni oògùn olóró, kíkó èèyàn lọ tà sókè òkun, ayédèrú owó, gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpániláyà, àti ẹrù tí wọ́n gba ẹ̀yìn aṣọ́bodè kó wọlé.

Ọdún márùn-ún ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí sábà máa ń lò ní yunifásítì kó tó kọjá sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin, kí wọ́n tó pè é sí iṣẹ́ amòfin. Owó oṣù ìjọba ló ń gbà. Nínú ìlànà ìwà àwọn amòfin, ohun kan wà tó kàn án ju ti lọ́yà yòókù lọ: iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kí ẹni tó wà níwájú adájọ́ ṣáà lọ sẹ́wọ̀n, bí kò ṣe kí ìdájọ́ òdodo wáyé. Kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rí tàbí ẹlẹ́rìí tó lè dá onítọ̀hún láre pamọ́. Gbogbo ohun tó kù nínú ìwé yìí, orí èyí ló dúró lé.

Inú fáìlì ni ẹjọ́ ti ń bàjẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA dá bọ́ọ̀sì kan dúró lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, wọ́n sì rí àpò igbó lábẹ́ àga. Wọ́n mú dírẹ́bà, wọ́n mú kọ̀ńdọ́, wọ́n mú ìyá tó jókòó sórí àga náà. Nígbà tí fáìlì bá dé tábìlì agbẹjọ́rò, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ló ni àpò, ta ló sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ìyá tó kàn jókòó síbi tí àyè ṣí sílẹ̀ kò tíì dá ọ̀ràn kankan. Bí agbẹjọ́rò kò bá rí ju àga yẹn lọ nínú fáìlì, kò yẹ kó pe ìyá náà lẹ́jọ́, bó ti wù kí ariwo pọ̀ tó níta.

Lẹ́yìn èyí ni yóò tọ ipasẹ̀ àpò náà. Ta ló wọ̀n ọ́n, níwájú ta? Ta ló dí i, tó lẹ ẹnu rẹ̀ pa? Ta ló gbé e dé yàrá àyẹ̀wò? Bí ìwọ̀n tó wà nínú ìwé bá yàtọ̀ sí èyí tí yàrá àyẹ̀wò kọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣàlàyé, lọ́yà olùjẹ́jọ́ yóò fa ẹjọ́ náà ya láti ibẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ìjọba gbọdọ̀ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀ débi tí iyèméjì tó nídìí kò fi ní kù.

Òfin yẹn kan náà, ní abala 84, ló ń darí ẹ̀rí tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù wá. Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọ́n lù ní jìbìtì, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá onítọ̀hún sọ lórí WhatsApp rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà. Ẹ tọ́jú ìwé owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ní báńkì. Ìbínú yín kò lè dúró bí ẹ̀rí.

Òfin Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015, tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, fún iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní ọjọ́ 14 láti fi ìmọ̀ràn sílẹ̀ lórí fáìlì tí ọlọ́pàá bá kó wá: ṣé ẹjọ́ wà ńbẹ̀, àbí kò sí? Òfin náà tún kọ̀ kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ẹni tó jẹ yín lówó tí kò san, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè ni ẹ ó gbé e lọ. Agbẹjọ́rò tó bá kọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò gba rìbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹlẹ́rìí

Èdè tó dá yín lójú ni kí ẹ fi sọ̀rọ̀. Bí Yorùbá bá ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún agbẹjọ́rò ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́, kí ògbufọ̀ lè wà níkàlẹ̀. A ti rí ẹlẹ́rìí tó fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì gbayì, tó wá pe “wọ́n sọ fún mi” ní “mo rí i”, tí gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ sì dojú rú. Agbẹjọ́rò lè ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ní àgọ́ ọlọ́pàá létí yín, ó lè fi ibi tí ẹ ó dúró sí hàn yín. Kò gbọdọ̀ kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó sọ.

Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ má fi pamọ́. Nínú ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀, ìpániláyà, ìjẹgùdùjẹrà tàbí kíkó èèyàn tà, abala 232 ACJA gba kóòtù láàyè láti fi orúkọ ẹlẹ́rìí pamọ́, láti jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn aṣọ, tàbí láti ibòmíràn lórí fídíò.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn

Aláìṣẹ̀ ni yín títí adájọ́ yóò fi sọ pé ẹ jẹ̀bi. Abala 36 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n sọ ẹ̀sùn náà ní èdè tó yé yín, kí ẹ ní àkókò tó tó láti múra, kí ẹ ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀, kí ẹ sì bi ẹlẹ́rìí ìjọba ní ìbéèrè. Ẹ lè dákẹ́. Agbẹjọ́rò gbọdọ̀ fún yín ní àkójọ ẹ̀rí àti orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí ẹ kò bá lágbára láti gba lọ́yà, ẹ wá Legal Aid Council lọ.

Ẹ lè gbọ́ pé kí ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi kí ìyà lè fúyẹ́. Abala 270 ACJA fàyè gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí lọ́yà yín kò tíì kà.

Kí ló dé tí ẹjọ́ fi ń pẹ́?

ACJA ní kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ lójoojúmọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ìhà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ sún un síwájú ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, ìsúnsíwájú kan kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. A kò ní tàn yín: ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé adájọ́ ga sí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, adájọ́ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. ACJA fẹ́ fòpin sí èyí, ó ní kí adájọ́ náà padà wá parí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé apá òfin yẹn ní oṣù karùn-ún ọdún 2020. Ìyẹn ni ẹlẹ́rìí kan náà ṣe lè wá jẹ́rìí lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀ràn kan. Ó ń dunni, pàápàá fún ẹni tó ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí kò bá padà wá, ẹjọ́ lè kú síbẹ̀.

Bí ìwé ìpè bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wá lọ́jọ́ náà, ẹ sì mú un dání. Agbẹjọ́rò ìjọba kì í gba owó lọ́wọ́ olùfisùn, ẹlẹ́rìí tàbí olùjẹ́jọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó lórúkọ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún àti ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ICPC tó súnmọ́ yín.