Ẹgbẹ́ Ńlá Lè Jẹ Owó Tẹ́tẹ́ Bó Tilẹ̀ Ń Borí

Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ ńlá ló máa ń kún inú tíkẹ́ẹ̀tì. Ká ní odds Manchester City jẹ́ 1.25. Tẹ́ni kan bá ta á ní ₦1,000 lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí City borí lẹ́ẹ̀meje, ₦8,750 ló máa gbà. ₦1,250 ti wọgbó nìyẹn! Ìgbà mẹ́jọ ló gbọ́dọ̀ borí kí owó tó padà, láìsí èrè rárá. Ti Arsenal àti Chelsea tún lè burú jù, torí owó olólùfẹ́ wọn lè fa odds wálẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré tí odds rẹ̀ jẹ́ 4.00, bó bá lè borí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú mẹ́rin, òun lọjà gidi, bí tíkẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ń já léraléra. Ilé tẹ́tẹ́ ṣáà ti yọ tirẹ̀ sílẹ̀ nínú odds kẹ́nikẹ́ni tó sanwó.