Ìbọn Tí Kò Lọ́ta: Ìtàn Géèmù Pẹ́pẹ́yẹ ní Pálọ̀ Ṣómólú àti Bàrígà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́njú ní Ṣómólú tàbí Bàrígà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn yóò rántí géèmù tí a fi ń yìnbọn pa pẹ́pẹ́yẹ lójú amóhùnmáwòrán. Ajá kan yóò fò wọ inú koríko, pẹ́pẹ́yẹ yóò fò jáde, ọmọdé yóò na ìbọn oníke sí i, yóò sì fà á. Bí ó bá tàsé, ajá náà yóò yọrí, yóò fi í rẹ́rìn-ín. Kò sí ọta nínú ìbọn yẹn, kò sí ẹ̀tù. Wáyà kan lásán ni ó so ó mọ́ ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ẹyẹ ń kú. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ ibi tí a kọjú ìbọn sí?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí. Mo sì fẹ́ fi ìbéèrè kejì tì í, èyí tí ó kan àwa tí a ti ń di òbí díẹ̀díẹ̀: kí ni ó yẹ kí ọmọ wa mọ̀ nípa ìbọn ìṣeré, pàápàá ní àdúgbò tí ìró ìbọn gidi kì í ṣe àjèjì?

Nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ ní ojú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilẹ̀ Japan ni eré yìí ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1936, ilé iṣẹ́ Seeburg ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n gbajúmọ̀ nídìí ẹ̀rọ tí a ń sọ owó ẹyọ sí kí ó tó kọrin, ṣe ẹ̀rọ ìyìnbọn kan tí wọ́n pè ní Ray-O-Lite. Pẹ́pẹ́yẹ ni ẹran tí a ń pa nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbọn náà ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde; ara pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi ẹ̀yà kan sí tí ó ń mọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bọ́ sí i lára, ẹyẹ ṣubú. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nígbà náà, ìbọn ni ó ń tàn, ẹyẹ ni ó ń ríran.

Ní ọdún 1970, Nintendo ti ilẹ̀ Japan, tí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà jẹ́ káàdì ìtayò àti ohun ìṣeré ọmọdé, gba ọgbọ́n kan náà. Gunpei Yokoi tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn àti Masayuki Uemura tí ó wá láti ilé iṣẹ́ Sharp ni wọ́n jọ ṣe é. Sharp ń ṣe ẹ̀yà kékeré tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, ìyẹn ọmọ ìyá sólà tí ó kún orí òrùlé wa lónìí. Wọ́n fi í sí ara ohun tí a ń yìnbọn sí, ó sì di ojú fún un. Ní ọdún 1973, wọ́n sọ eré náà di ńlá: àwọn gbọ̀ngàn eré bowling tí kò rí oníbàárà mọ́ ni wọ́n ń sọ di pápá ìyìnbọn onímọ́lẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá, owó epo rọ̀bì sì di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Japan tí kò ní epo di àpò rẹ̀ mú. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti fẹ́ ra pápá ìyìnbọn fà sẹ́yìn, Nintendo sì wọ gbèsè. Epo kan náà ni ó da owó sí àpò Nàìjíríà. Nígbà tí owó Údójì jáde lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ ọdún 1974, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó fi ra rédíò, alùpùpù àti amóhùnmáwòrán. Ohun tí ó da eré náà rú ní Japan ni ó gbé gíláàsì tí àwa yóò máa yìnbọn sí wọ pálọ̀ àwọn òbí wa àgbà.

Ìbọn tí ó di ojú

Ìyípadà dé nígbà tí eré náà wọ inú amóhùnmáwòrán. A kò lè fi ojú sí ara pẹ́pẹ́yẹ tí ó jẹ́ àwòrán lásán. Nítorí náà, wọ́n yí ọ̀rọ̀ po: àwòrán ni yóò máa tàn, ìbọn ni yóò máa ríran. Magnavox Odyssey, ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́ fún inú ilé, tí ó ti ọwọ́ Ralph Baer jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1972, ní ìbọn gígùn kan tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ìbọn náà kò gbọ́n púpọ̀. Bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí gílóòbù iná, yóò gbà pé ẹ ti pa ẹran.

Nintendo tún un ṣe. Ní ọdún 1983 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ Famicom jáde. Uemura kan náà ni ó darí àwọn tí ó ṣe é. Ní ọdún 1984 ni ìbọn rẹ̀ àti géèmù Duck Hunt tẹ̀lé e. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí.

Nínú amóhùnmáwòrán àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, ìtànṣán kan ni ó ń sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀ gíláàsì, tí ó ń ya àwòrán ní ìlà-ìlà. Ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ni ó ń ṣe èyí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọmọdé bá fa ìbọn, ẹ̀rọ yóò sọ gbogbo ojú amóhùnmáwòrán di dúdú fún ìwọ̀n àwòrán kan. Ìbọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí pé òun rí òkùnkùn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ yóò ya àpótí funfun kan sí ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà. Bí ojú tí ó wà nínú ẹnu ìbọn bá rí funfun yìí, ẹyẹ kú. Bí ó bá jẹ́ pé dúdú ni ó ṣì ń rí, a ti tàsé. Bí pẹ́pẹ́yẹ bá jẹ́ méjì, àpótí méjì ni yóò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ̀rọ lè mọ èyí tí ìbọn kọjú sí. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdí nìyẹn tí amóhùnmáwòrán fi máa ń ṣẹ́jú pìrí nígbàkígbà tí a bá yìnbọn. Òkùnkùn ìṣáájú yẹn ni ó sì dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ fi gílóòbù tan ẹ̀rọ jẹ, nítorí gílóòbù kò lè ṣókùnkùn nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìbọn tí a rò pé ó ń tu nǹkan jáde kò tu ohunkóhun jáde rí. Wíwò ni ó ń wò.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Kì í ṣe ẹ̀rọ Nintendo gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbá. Ẹ̀dà rẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Taiwan àti Ṣáínà ń ṣe láìgba àṣẹ, tí wọ́n sì ń tà káàkiri ayé. Tíífì géèmù ni àwa ń pè é. Páàdì méjì, ìbọn kan àti káséètì kan ni ó máa ń bá a wá. Wọn a máa kọ ọ́ sí ara káséètì pé géèmù 9999 ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní sùúrù láti kà á yóò rí i pé díẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n kàn ń yí orúkọ padà. Amóhùnmáwòrán tí a so ó mọ́ sábà máa ń jẹ́ tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó wọlé sí Alábà.

Ní ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọmọ ilé. Ẹni tí ó bá kú ni yóò gbé ìbọn fún ẹlòmíràn. Àwọn tí kò tíì kàn ni wọ́n ń bá ajá rẹ́rìn-ín. A tún mọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́: bí a bá fi ẹnu ìbọn kan gíláàsì, kò sí bí a ó ṣe tàsé. Òfin ilé ni pé kí ẹsẹ̀ má kọjá etí kápẹ́ẹ̀tì. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, eré parí nìyẹn. Bí wọ́n bá dá a padà, ariwo ayọ̀ yóò sọ láti Ọjà Bàrígà títí dé Ilàjẹ létí ọ̀sà.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù géèmù pọ̀ sí i ní àdúgbò wa, bọ́ọ̀lù orí PlayStation ni àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó fún. Ìbọn kò bá wọn dé ibẹ̀. Eré inú ilé ni ó jẹ́ fún wa, ó sì wà lábẹ́ ojú àgbà.

Ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀rọ ńlá olówó ẹyọ ni ó gbé eré ìbọn ga jù lọ níbẹ̀. Operation Wolf tí Taito ṣe ní ọdún 1987 gbé ìbọn ńlá kan mọ́ ara ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìbọn yẹn kò ríran rárá. Bí a ṣe ń yí i sọ́tùn-ún sósì ni ẹ̀rọ ń kà. Virtua Cop tí Sega ṣe ní ọdún 1994 àti Time Crisis tí Namco ṣe ní ọdún 1995 lo ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ ju ti pẹ́pẹ́yẹ lọ: ìbọn yóò ṣọ́ ìgbà tí ìtànṣán bá kọjá níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì fi àkókò yẹn ṣírò ibi tí a kọjú sí. Time Crisis tún fi ohun ìtẹ̀ sí abẹ́ ẹsẹ̀, kí ayìnbọn lè fara pamọ́ kí ó sì tún yọjú.

Òfin ìyá mi

Dúdú ni ìbọn tiwa, ó sì jọ ti ọlọ́pàá. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni ìyá mi ń gbé e sí, òun nìkan ni ó sì ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Òfin mẹ́ta ni ó fi lélẹ̀: kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní pálọ̀, a kò gbọdọ̀ kọjú rẹ̀ sí ènìyàn, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe fọ́rífọ́rí lójú fèrèsé. Nígbà náà, mo rò pé ó kàn ń le koko mọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú àti Bàrígà mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti da ìgboro wa rú lọ́pọ̀ ìgbà. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó pa iná, a ó sì dọ̀bálẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ìró yóò fi rọlẹ̀. Ìyá mi kò bẹ̀rù pé géèmù yóò sọ wá di jàǹdùkú. Ohun tí ó bẹ̀rù ni ẹni tí ó bá wò wá láti ìta, tí kò sì ní dúró béèrè bóyá ike ni tàbí irin.

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti Bàrígà nìkan. Ìbọn Famicom jọ ìbọn àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Nintendo ń gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1985, wọ́n yí i padà kí ó lè jọ ohun ìṣeré. Nígbà tí ó tún di ọdún 1989, lẹ́yìn tí òfin dé níbẹ̀ pé ìbọn ìṣeré gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí gidi, wọ́n sọ àwọ̀ rẹ̀ di ti ọsàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ní ìlú Cleveland, Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, ń fi ìbọn ìṣeré kan tí àmì aláwọ̀ ọsàn ti yọ lẹ́nu rẹ̀ ṣeré. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí ọlọ́pàá dé ni wọ́n yìnbọn fún un. Ó kú ní ọjọ́ kejì.

Èrò mi nìyí: òfin ìyá mi ṣì wúlò. Ọmọ òde òní kò nílò ìbọn oníke. Orí fóònù ni ó ti ń yìnbọn, ní òun nìkan, lábẹ́ aṣọ ìbora, níbi tí àgbà kò ti rí i. Bí a bá fẹ́ gbà wọ́n láàyè, ẹ jẹ́ kí eré náà wà ní pálọ̀, kí ó ní àkókò, kí a sì jókòó tì wọ́n. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ìbọn ìṣeré, ẹ ra èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń pariwo láti òkèèrè pé ike ni òun, kí ó má sì jáde sí ìta.

Ohun tí ó pa eré náà

Bí ẹ bá so tíífì géèmù àtijọ́ mọ́ amóhùnmáwòrán pẹlẹbẹ lónìí, pẹ́pẹ́yẹ yóò fò, ajá yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ kò ní pa ẹyẹ kan. Ìbọn kò bàjẹ́. Amóhùnmáwòrán pẹlẹbẹ kọ́kọ́ ń ṣètò àwòrán kí ó tó gbé e síta. Nígbà tí àpótí funfun bá fi máa yọ, ẹ̀rọ ti parí wíwò rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ojú ìbọn Nintendo ń wá ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣẹ́jú bíi ti ìtànṣán àtijọ́, tí ń ya ìlà tí ó lé ní 15,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò lè rí èyí mọ́.

Àwọn kan ti wá ọ̀nà mìíràn. Wii tí Nintendo ṣe ní ọdún 2006 fi kámẹ́rà sínú ohun ìdárí, kí ó máa wo ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí, èyí tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ amóhùnmáwòrán. Ní ọdún 2019, Andy Sinden, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, béèrè owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣe ìbọn tí kámẹ́rà rẹ̀ ń wo ìlà tí a fà yí etí àwòrán ká.

Bí amóhùnmáwòrán àtijọ́ bá ṣì wà ní ilé bàbá tàbí ìyá yín, tí ó sì ń ṣiṣẹ́, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Òun nìkan ni ìbọn yẹn mọ̀. Ẹ má fúnra yín tú u, nítorí iná tí ó lè pa ènìyàn máa ń wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tí ń wá bàbà fọ́ ọ tàbí sun ún ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣì wà ní Ṣómólú. Bí ó bá gbà pé ó ṣeé tún ṣe, ẹ pe àwọn ọmọ ilé jọ ní ọjọ́ Àìkú kan, kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá etí kápẹ́ẹ̀tì.