"Àwọn Ìyá Wa": Òótọ́ Ọ̀rọ̀ àti Ìjìnlẹ̀ Ìtumọ̀ Nínú Fíìmù Dọ́kúmẹ́ńtárì

Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ìṣòro kan tí ó kojú mi nígbà tí mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fíìmù dọ́kúmẹ́ńtárì kan lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí èdè Faransé. Ní Sakété, ìyá àgbà kan sọ níwájú kámẹ́rà pé: "Àwọn ìyá wa là ń ṣe é fún." Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ àwòrán: *nos mères*.

Ojú-ọ̀rọ̀ kò ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé àdàpè wà níbẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 tí ó sì wọ àkójọ ogún aráyé ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo, jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń yẹ́ obìnrin sí: ìyá tó bí wa, ìyá ńlá tó ti lọ, àti àwọn tí agbára wọn kò ṣeé fojú rí. Gbólóhùn kan ló kó gbogbo wọn pọ̀. Èmi pa *nos mères* rẹ́, mo fi *sorcières* rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé mo ti kan ìjìnlẹ̀.

Kí a tó parí iṣẹ́, a fi fíìmù náà han àwọn kan ní Pobè. Obìnrin kan tó mọ Faransé kà bi mí pé: "Ọmọ mi, ṣé ìyá yìí pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́?" N kò rí èsì fọ̀. Àwọn obìnrin mìíràn jókòó lẹ́yìn ìyá náà nínú àwòrán. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ti di ẹ̀sùn lórí wọn.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Ní 1930, Frédéric Gadmer àti Fadá Francis Aupiais ya fíìmù ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní Dahomey fún Albert Kahn. Fíìmù náà kò ní ohùn, nítorí náà ẹni tó bá kọ àlàyé ló ń gbẹnu sọ fún ẹni tí a yà. Nínú fíìmù Werner Herzog lórí àwọn Wodaabe ní Niger, ní 1989, orin Ave Maria ni a gbọ́ lórí àwòrán àwọn ọkùnrin tó ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́. Ní 1999, ó kéde ní Minneapolis pé òtítọ́ kan wà tó jìn ju ti oníṣirò lọ, àti pé àtinúdá la fi ń dé ibẹ̀.

Mo gbà pé ìjìnlẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nínú àdàpè, bíbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́ ara ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá tú u síta, ohun tí olùsọ̀rọ̀ kọ̀ láti sọ la fi sí i lẹ́nu. Nígbà tí mo tún gbọ́ ohùn tí a gbà, mo rí i pé ìyá náà dákẹ́ díẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, kí ó tó sọ gbólóhùn yẹn. A ti gé ìdákẹ́jẹ́ náà kúrò.

A dá a padà. Mo fi *àwọn ìyá wa* sílẹ̀ ní Yorùbá, mo sì padà lọ bẹ ìyá náà kí ó ṣàlàyé ìwọ̀n tí ó bá wù ú. Díẹ̀ ló sọ, díẹ̀ náà ló wà nínú fíìmù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀, ẹ máa kọ ìdákẹ́jẹ́ àti ìyípadà ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀, kí ẹ sì ka ìtumọ̀ yín fún ẹni tó sọ̀rọ̀ kí ó tó jáde.